Oníwàásù Pọ̀, Ṣé Iṣẹ́ Kan Náà Ni Wọ́n Ń Jẹ́? Àlàyé Lórí Ìṣọ̀kan Ìhìn Rere

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, rédíò ti máa ń wàásù kí ìyá tó jí àwọn ọmọ wẹ̀. Oníwàásù inú rédíò ní ẹni tí kò bá san ìdámẹ́wàá kò ní fojú kan ìjọba ọ̀run. Wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ tiwọn ní ọ̀fẹ́ ni ìgbàlà, kò sí owó tó lè rà á. Nírọ̀lẹ́, àǹtí kan fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wòlíì inú rẹ̀ sì ń búra pé ẹni tó bá gbé oògùn òyìnbó mì kò nígbàgbọ́ rárá. Kí wọ́n tó jẹun alẹ́, ọmọ tó wà ní girama ti bi bàbá rẹ̀ pé: "Dádì, ṣé Ọlọ́run kan náà ló rán gbogbo wọn níṣẹ́?"

"Ọlọ́run ló yé" ni ọ̀pọ̀ bàbá fi ń pa ìbéèrè yẹn mọ́ ọmọ lẹ́nu. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè náà ní ìdáhùn, ìdáhùn náà sì wà nínú Májẹ̀mú Titun fúnra rẹ̀, nítorí ìdàrúdàpọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nǹkan bí ogún ọdún péré lẹ́yìn tí Jésù gòkè lọ ni àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ti jókòó ìpàdé lórí rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù.

Kí ni ìhìn rere, kí sì ni ìwàásù?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan mẹ́rin sọ́tọ̀, nítorí lílù tí a ń lù wọ́n pọ̀ ló ń fa gbọ́nmi-si-omi-ò-to. Ìhìn rere ni ìròyìn náà gan-an, ìyẹn ohun tí Ọlọ́run ti ṣe nípasẹ̀ Jésù Kristi. Ìwàásù ni kí ènìyàn dìde kó sọ ìròyìn náà létí àwọn ẹlòmíì. Ẹ̀kọ́ ni àlàyé tó tẹ̀ lé e: bó ṣe yẹ kí onígbàgbọ́ lóye ohun tó gbọ́, àti bó ṣe yẹ kó máa gbé ayé. Ìlànà ìjọ ni òfin ilé, bí irú aṣọ tí a ń wọ̀, ọjọ́ tí a ń gbààwẹ̀, bóyá a ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà tàbí a kì í bọ́ ọ.

Ká ní ọba rán àkéde mẹ́ta sí àdúgbò mẹ́ta pé kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan wá tún ojú odò ṣe ní ọ̀tunla. Ọ̀kan lu agogo kó tó sọ̀rọ̀. Èkejì dé àdúgbò àwọn àlejò, ó fi èdè wọn sọ ọ́. Ẹ̀kẹta fi orin gbé e. Kò sí aburú nínú gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí èyí tó kọrin bá fi kún un pé kí ilé kọ̀ọ̀kan mú àkùkọ kan dání wá fún òun, iṣẹ́ ọba kọ́ ló ń jẹ́ mọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọgbọ́n wà nínú bí a ṣe ń jíṣẹ́, àmọ́ ẹni tó ránni ló ni iṣẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti wà ní ṣókí jù lọ ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí 15. Nǹkan bí ọdún 55 ló kọ ọ́. Ó rán wọn létí ohun tó wàásù fún wọn: pé Kristi kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wa gẹ́gẹ́ bí Ìwé Mímọ́ ti wí, pé wọ́n sin ín, pé ó jí dìde ní ọjọ́ kẹta, pé ó fara han Pétérù, lẹ́yìn náà àwọn méjìlá, lẹ́yìn náà àwọn ará tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà Jákọ́bù àti gbogbo àpọ́sítélì, kó tó wá fara han òun Pọ́ọ̀lù níkẹyìn. Ó sì là á mọ́lẹ̀ pé òun kọ́ lòun gbé e kalẹ̀. Ohun tí wọ́n fi lé òun lọ́wọ́ lòun náà fi lé wọn lọ́wọ́.

Ẹsẹ kan wà níbẹ̀, ẹsẹ 11, tí ó wù mí kí gbogbo oníwàásù kọ sára àga ìwàásù wọn. Pọ́ọ̀lù ní ìbáà ṣe òun, ìbáà ṣe àwọn yòókù, bẹ́ẹ̀ làwọn ń wàásù, bẹ́ẹ̀ náà làwọn ará Kọ́ríńtì sì ṣe gbà gbọ́. Ẹ rántí pé kì í ṣe ọ̀rẹ́ tí kì í jà ló ń sọ̀rọ̀ yìí. Pọ́ọ̀lù ti bá Pétérù fa ọ̀rọ̀ ní gbangba. Òun àti Bánábà ti bínú pínyà lórí ọ̀rọ̀ Jòhánù Máàkù, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹni yòówù tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nínú wọn, ìròyìn kan náà lẹ máa gbọ́.

Ṣé ó yẹ kí gbogbo ìwàásù dún bákan náà?

Rárá o. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, ẹ ó rí i. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn Júù tó mọ Ìwé Mímọ́ dáadáa ni Pétérù ń bá sọ̀rọ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ wòlíì Jóẹ́lì, ó sì fa ọ̀rọ̀ Dáfídì yọ. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà dé Lísírà, tí wọ́n wo arọ kan sàn, tí àwọn ará ìlú sì fa màlúù jáde láti fi bọ wọ́n bí òrìṣà, Pọ́ọ̀lù kò dárúkọ wòlíì kankan fún wọn. Òjò tó ń rọ̀ àti ìkórè tó ń kún inú wọn ló fi bẹ̀rẹ̀.

Áténì ló yẹ ká dúró wò dáadáa. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn àtimáa gbọ́ ohun tuntun. Pọ́ọ̀lù ti rìn káàkiri ìlú wọn, ó ti rí pẹpẹ kan tí wọ́n kọ "Sí Ọlọ́run tí a kò mọ̀" sí lára. Ibẹ̀ ló ti mú ọ̀rọ̀. Ó tilẹ̀ lo ọ̀rọ̀ àwọn akéwì wọn. Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, wọ́n ń gbọ́ ọ. Ó sì mọ̀ dájú pé àjíǹde òkú jẹ́ ohun tí àwọn ará ibẹ̀ máa fi rẹ́rìn-ín. Bó bá dákẹ́ síbi tó dé yẹn, ì bá gba ìyìn lọ sílé. Kò dákẹ́. Ó ní Ọlọ́run ti yan ọjọ́ tí yóò ṣèdájọ́ ayé nípasẹ̀ ọkùnrin kan, Ọlọ́run sì ti fi hàn dájú nípa jíjí tí ó jí i dìde kúrò nínú òkú. Àwọn kan yọ ṣùtì sí i lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní àwọn máa tún gbọ́ ọ nígbà mìíràn. Àwọn díẹ̀ gbà gbọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ààlà. Pọ́ọ̀lù yí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ padà pátápátá, kò sì yí ibi tó ń lọ padà.

Àwa Yorùbá náà jẹ nínú ọgbọ́n yìí. Ní Kérésìmesì ọdún 1842, ìránṣẹ́ ìjọ méjì pàdé ní Àgbádárìgì. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ṣíwájú dé ní oṣù Kẹsàn-án, Henry Townsend tí ẹgbẹ́ CMS ti ìjọ Áńgílíkà rán sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló rán wọn, ìbí Olúwa kan náà ni wọ́n sì jọ ṣe. Ní oṣù Kìíní ọdún 1844, Samuel Àjàyí Crowther dìde ní Freetown ní Sàró, ó wàásù ní èdè Yorùbá fún àwọn ènìyàn wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ọ̀rọ̀ tí áńgẹ́lì bá Màríà sọ nínú Lúùkù orí 1, ẹsẹ 35, ló mú sọ̀rọ̀: pé ohun mímọ́ tí a ó bí nínú rẹ̀, Ọmọ Ọlọ́run ni a ó máa pè é. Àwọn tó ń gbọ́ ọ kò fi "àmín" dáhùn. "Kí ó ṣẹ" ni wọ́n ń wí, bí wọ́n ṣe ń gba àdúrà nílé kí wọ́n tó kó wọn lẹ́rú. Crowther kò dí wọn lọ́wọ́, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó dí wọn lọ́wọ́.

Kí ló dé tí Pọ́ọ̀lù gba àwọn kan láyè, tó sì fi àwọn mìíràn gégùn-ún?

Ibí yìí ló máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú jù, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá lóye rẹ̀ ti lóye gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù wà lẹ́wọ̀n, ó kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì pé àwọn kan ń wàásù Kristi nítorí ìlara àti ìjà. Wọ́n fẹ́ dá kún ìyà tó ń jẹ ẹ́ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni. Kí ni Pọ́ọ̀lù sọ sí i? Ó ní èyí tó wù kó jẹ́, ìbáà ṣe ti ẹ̀tàn tàbí ti òtítọ́, Kristi ṣáà ni wọ́n ń wàásù, inú òun sì dùn sí i. Ọkùnrin yìí kan náà ló kọ̀wé sí àwọn ará Gálátíà pé bí òun fúnra òun, tàbí áńgẹ́lì kan láti ọ̀run, bá wàásù ìhìn rere mìíràn fún wọn, kí ẹni ègún ni onítọ̀hún. Ó wí i, ó tún un wí.

Kí ló dé tó fi fara mọ́ elérò búburú ní Fílípì, tó sì gbaná jẹ ní Gálátíà? Àwọn tí Fílípì, inú wọn kò dáa, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ pé. Àwọn tí Gálátíà, ó ṣeé ṣe kí inú àwọn kan nínú wọn mọ́, àmọ́ wọ́n ti fi nǹkan kún iṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n ń sọ wà ní Ìṣe orí 15, ẹsẹ kìíní: bí a kò bá kọ yín nílà gẹ́gẹ́ bí àṣà Mósè, ẹ kò lè là.

Kì í ṣe ilà kíkọ fúnra rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ń bá jà. Ó kọ Tímótì nílà nígbà tó rí i pé ìyẹn yóò jẹ́ kí àwọn Júù gbọ́rọ̀ lẹ́nu ọmọkùnrin náà. "Ẹ kò lè là" ni kò gbà. Nítorí gbólóhùn kékeré yẹn ni wọ́n ṣe pe ìpàdé sí Jerúsálẹ́mù ní nǹkan bí ọdún 49. Wọ́n jiyàn gan-an. Pétérù dìde sọ̀rọ̀, ó ní nípa oore-ọ̀fẹ́ Jésù Olúwa ni àwa náà fi gbà pé a ó là, bí tiwọn. Bánábà àti Pọ́ọ̀lù ròyìn ohun tí Ọlọ́run ṣe láàárín àwọn Kèfèrí. Jákọ́bù, aṣáájú ìjọ Jerúsálẹ́mù, ló sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé àwọn kò ní di ẹrù lé wọn lórí, yàtọ̀ sí ohun díẹ̀: kí wọ́n yẹra fún ẹran òrìṣà, ẹ̀jẹ̀, ẹran tí a lọ́ lọ́rùn pa, àti àgbèrè. Lẹ́tà náà kò sọ níbì kankan pé ìwọ̀nyí ló ń gbani là.

Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa nídìí rédíò àti nídìí fóònù nìyí: yàtọ̀ sí Kristi, kí ni oníwàásù yìí tún ní mo gbọ́dọ̀ ní kí n tó là?

Ìdámẹ́wàá, oògùn àti yẹtí: apá ibo ni wọ́n bọ́ sí?

Ọ̀rọ̀ kan náà lè bọ́ sí apá méjèèjì, bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ ni. Ẹni tó ní fífi ìdá mẹ́wàá owó ẹni ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run dára, ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ wa, a sì lè bá a jiyàn pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́. Ẹni tó ní bí o kò bá san án o kò ní wọ ọ̀run, ẹnu ọ̀nà ló ti fi ẹ̀rù dí. Ìjọ tó ní kí àwọn obìnrin wọn má lo yẹtí wà lábẹ́ òfin ilé rẹ̀. Pásítọ̀ tó ní iná ń dúró de obìnrin tó bá dá etí lu, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an ló ń jẹ́.

Ọ̀rọ̀ oògùn ní ìtàn nílẹ̀ wa, ó sì tọ́ ká mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà láti ọwọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ títì tẹ́lẹ̀ kí ìpè tó dé bá a. Èrò wọ́ wá láti ibi gbogbo. Wọ́n sun oògùn ìbílẹ̀, wọ́n kọ tòyìnbó náà, àdúrà nìkan ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn aṣáájú wọn wá wọnú àjọṣe pẹ̀lú ìjọ Apostolic Church ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ikọ̀ kan ti ibẹ̀ wá ní ọdún 1931, àwọn míṣọ́nnárì tó máa gbé ìhín sì tẹ̀ lé wọn ní ọdún 1932. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kunínì kí ibà má baà pa wọ́n. Àwọn tibí ní ẹ̀yin tí ẹ ń wàásù ìwòsàn láti ọ̀run, ẹ̀yin náà lẹ tún ń gbé kunínì mì? Àwọn tọ̀hún kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí àti àwọn mìíràn ló fà á tí wọ́n fi pínyà ní nǹkan bí ọdún 1940. Apá kan dúró gẹ́gẹ́ bí Apostolic Church, apá kejì di Christ Apostolic Church, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní ọdún 1943. Isaac Akínyẹlé, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ tuntun náà, ló padà wá di Olúbàdàn ní ọdún 1955.

Mi ò ní sọ pé ohun kékeré ni wọ́n jà lé lórí. Ẹ̀mí ọmọ tí ibà mú kì í ṣe ohun kékeré, èmi sì gbà pé àánú Ọlọ́run ni kunínì náà jẹ́, bó ṣe jẹ́ pé àánú rẹ̀ ni àdúrà tó ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí kò sí nínú ìjà náà. Kò sí apá kankan tó ní Kristi kò kú fún ẹ̀ṣẹ̀ wa, kò sì sí èyí tó ní kò jí dìde. Ẹ̀kọ́ ló yà wọ́n. Ìjọ méjèèjì ṣì ń wàásù àgbélébùú títí dòní. Èyí tó léwu ni ti wòlíì inú fídíò yẹn, tó ti fi oògùn díwọ̀n ẹni tó jẹ́ ti Kristi.

Ìwàásù kan tún wà tí kò fi nǹkan kún ẹnu ọ̀nà, tó jẹ́ pé àárín ilé ló gbé lọ. Òun ni èyí tó ń sọ pé Jésù wá kí o lè di olówó. Ẹ tẹ́tí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ ó gbọ́ ọkọ̀, ẹ ó gbọ́ físà, ẹ ó gbọ́ ilé ńlá, ẹ ó gbọ́ orúkọ àwọn ọ̀tá inú ilé bàbá. Ẹ̀ṣẹ̀ ńkọ́? Àjíǹde ńkọ́? Wọn kò sí níbẹ̀. Oníwàásù náà lè máa pe orúkọ Jésù ní gbogbo ìṣẹ́jú, ìròyìn tó ń sọ kọ́ ni ti Kọ́ríńtì orí 15.

Ṣé ìyàtọ̀ nípa ẹni tí Jésù jẹ́ náà jẹ́ òfin ilé?

Rárá, ìyẹn wà ní ìpìlẹ̀. Ní ọdún 325, wọ́n pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí Nísíà, nítorí àlùfáà kan ní Alẹkisáńdíríà tó ń jẹ́ Arius ń kọ́ni pé Ọmọ kò ti wà láti ayérayé, pé ẹ̀dá ni. Ìpàdé náà kọ ẹ̀kọ́ yẹn, ibẹ̀ sì ni gbòǹgbò ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí àwọn Kátólíìkì, Áńgílíkà àti ọ̀pọ̀ ìjọ mìíràn ń kà títí dòní. Bí ìjọ kan bá ní Jésù kì í ṣe Ọlọ́run Olódùmarè, bí àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ṣe ń kọ́ni, kì í ṣe aṣọ tàbí ọjọ́ ìsìn ló ya òun àti ìjọ tó ń ka ìjẹ́wọ́ náà. Àwọn méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀. A lè jẹ́ aládùúgbò rere fún ara wa láìṣe bí ẹni pé kò sí ìyàtọ̀.

Ṣé dandan ni kí gbogbo ìjọ di ẹyọ kan?

Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìjọ Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian dúnàádúrà fún ọ̀pọ̀ ọdún láti di ìjọ kan ṣoṣo. Wọ́n ti dájọ́, oṣù Kejìlá ọdún 1965. Bó ṣe kù díẹ̀ kó wáyé ni wọ́n sún un síwájú, wọn kò sì padà ṣe é mọ́. Ìjà lórí ohun ìní àti ìṣàkóso wà lára ohun tó dá a dúró. Bẹ́ẹ̀, ní ọdún 1958, Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì ti jọ dá Immanuel College sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti máa kọ́ àwọn àlùfáà wọn pọ̀. Àwọn tó lè jọ kọ́ oníwàásù kò lè jọ ní ilé. Ìyẹn fi hàn pé ìṣọ̀kan ìwàásù àti ìṣọ̀kan àjọ kì í ṣe ohun kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn mí pé ti ọdún 1965 yẹn kò bọ́ sí i.

Ní òdìkejì, ìjọ tó ti pínyà fún nǹkan bí irínwó ọdún ó lé lè jókòó ti ọ̀rọ̀ kí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1999, Kátólíìkì àti àjọ àwọn ìjọ Luther àgbáyé fọwọ́ sí ìwé kan ní Augsburg ní Jámánì, pé nípa oore-ọ̀fẹ́ nìkan, nínú ìgbàgbọ́ nínú iṣẹ́ ìgbàlà Kristi, ni Ọlọ́run fi ń gbà wá. Orí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ìjà ayé Martin Luther dá lé. Àjọ Mẹ́tọ́díìsì àgbáyé dara pọ̀ mọ́ ọn ní ọdún 2006. Ìjọ kálukú ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Nínú ìjọ kọ̀ọ̀kan, ìwé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ló ń ṣe iṣẹ́ yìí láìpariwo. Ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ń kọ́ ní gbogbo ẹ̀ka lọ́jọ́ kan náà. Àwọn Kátólíìkì ní ìwé kíkà tó ń yí ká lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta, tí àlùfáà kò fi lè máa wàásù láti inú ibi kan ṣoṣo tó bá wù ú nínú Bíbélì.

Ibo gan-an ni ìṣọ̀kan ti ń já?

Tí wọ́n bá bi mí, ma ní ìdí tábìlì ni, kì í ṣe ẹnu.

Nínú Gálátíà orí kejì, Pọ́ọ̀lù ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ántíókù. Pétérù wà níbẹ̀, ó ń bá àwọn onígbàgbọ́ tí kì í ṣe Júù jẹun. Nígbà tí àwọn kan ti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù dé láti Jerúsálẹ́mù, Pétérù bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí ó ń bẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ. Àwọn Júù yòókù bá a ṣe é. Bánábà pàápàá bá wọn lọ. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé Pétérù yí ìwàásù rẹ̀ padà. Bó bá dìde láti wàásù lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní yàtọ̀ sí ti àná. Ibi tó gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ lọ ló yàtọ̀. Àwọn onígbàgbọ́ tó fi sílẹ̀ sídìí tábìlì gbọ́ ìwàásù kejì náà kedere: ìgbàgbọ́ yín kò tó, ẹ kù díẹ̀ káàtó. Pọ́ọ̀lù bá a wí lójú gbogbo ènìyàn, ó ní wọn kò rìn déédéé gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ ìhìn rere.

Ẹ wá gbé e wá sílé. Ẹ lọ síbi ìsìnkú olówó kan, ẹ gbọ́ bí oníwàásù ṣe ń sọ̀rọ̀. Bàbá ti wà ní oókan àyà Ábúráhámù, kò sí àní-àní. Wọ́n ka iye ìgbà tó fowó ṣe ilé Ọlọ́run. Àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ ní owó oṣù, àwọn opó tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó mẹ́nu kàn wọ́n. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, oníwàásù yẹn kan náà dúró lẹ́bàá sàréè ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ yá aga àti kánópì. Ìwàásù ti yí: ẹ ronú pìwà dà, ikú kò mọ ọjọ́, ẹlẹ́ṣẹ̀ kò ní lọ láìjìyà. Kò sí irọ́ nínú èyí kejì. Kí ló dé tí olówó kò fi gbọ́ ọ? Kí ló sì dé tí wọn kò sọ ìrètí àjíǹde fún àwọn ọmọ ẹlẹ́kọ?

Nínú lẹ́tà Jákọ́bù, òun náà ti rí irú rẹ̀. Ó ní bí ẹni tó wọ òrùka wúrà bá wọlé, tí ẹ ní kó wá jókòó síbi tó dáa, tí ẹ sì ní kí tálákà dúró sọ́hùn-ún tàbí kó jókòó nílẹ̀ nídìí àpótí ìtìsẹ̀ yín, ẹ ti di onídàájọ́ tó ní èrò búburú. Ìjọ púpọ̀ ló ní ìwé ìlànà ìgbàgbọ́ tí kò ní àbàwọ́n, tí àga iwájú rẹ̀ sì ń wàásù ohun mìíràn. Ọmọ tó bi bàbá rẹ̀ léèrè ń wo àwọn àga náà bó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Kí ni kí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù ṣe?

Àwọn ará Bèróà gbọ́ Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, wọ́n fi tayọ̀tayọ̀ gba ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ni nǹkan wọ̀nyẹn rí. Ìwé Ìṣe yìn wọ́n fún un. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣí Bíbélì láti yẹ ọ̀rọ̀ pásítọ̀ wò kò fojú di pásítọ̀. Ó kàn yẹ kó ka orí náà tán, kó má fi ẹsẹ kan ṣoṣo jà.

Bí oníwàásù bá sì ṣì í sọ, àpẹẹrẹ Àpólò wà. Ọmọ Alẹkisáńdíríà ni, ó lọ́rọ̀ lẹ́nu, ó mọ Ìwé Mímọ́ dunjú, iná ìtara sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìbọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀. Pírísílà àti Ákúílà, tọkọtaya tó ń pa àgọ́, gbọ́ ọ nínú sínágọ́gù ní Éfésù. Wọn kò dìde pariwo láàárín ìjọ, wọn kò sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìlú. Wọ́n mú un sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n ṣàlàyé ọ̀nà Ọlọ́run fún un dáadáa sí i. Ó gbà. Nígbà tó fẹ́ lọ sí Ákáyà, àwọn ará kọ̀wé síwájú kí wọ́n lè gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Kọ́ríńtì ló lọ. Kò pẹ́ tí àwọn kan níbẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ti Àpólò làwọn, tí àwọn mìíràn sì ní ti Pọ́ọ̀lù làwọn, tí àwọn kan di ti Pétérù. Pọ́ọ̀lù bi wọ́n bóyá Kristi pín, bóyá òun Pọ́ọ̀lù ni wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú fún wọn. Ó ní òun gbìn, Àpólò bu omi rin, Ọlọ́run ló ń mú kó dàgbà. Ní orí tó kẹ́yìn lẹ́tà yẹn kan náà, ó sọ fún wọn pé òun ti rọ Àpólò gidigidi pé kó tún wá sọ́dọ̀ wọn, pẹ̀lú gbogbo bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ àwọn méjèèjì ya ìjọ. Àpólò kò fẹ́ lọ nígbà yẹn. Ó ní òun máa wá nígbà tí àyè bá yọ.